Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́wàá fún Ilé Ìwé Kọ̀ọ̀kan

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdérí kẹ́tùlù ọ́fíìsì wa ti dàwátì. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n rí i gbẹ̀yìn, lórí kẹ́tùlù, níbi tó máa ń wà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń lọ sí ibì kankan. Kí aago mẹ́wàá tó lù, ọ̀gá àgbà ti yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni akọ̀wé. A jókòó lẹ́ẹ̀mejì, a ya àwòrán kẹ́tùlù, a sì fẹnu kò pé kí wọ́n ṣì máa fi àwo bò ó.

Nígbà tí ìjókòó kejì parí ni ọ̀gá wá rántí pé iṣẹ́ kékeré kan tún wà nílẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ agbègbè ti fọwọ́ sí owó díẹ̀, kí á fi ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn yóò máa gbà wọ kíláàsì ní ilé ìwé ìjọba mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tó wà lábẹ́ wa. Ó gbọ́dọ̀ parí kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án. Ó wo yàrá yíká.

"Poli, ìwọ lo kàwé rẹ̀."

Poli ni wọ́n ń pè mí, nítorí pé poli ni mo lọ. Ká ní yunifásítì ni mo lọ, bóyá "Sà" ni wọn ì bá máa pè mí. Mo dáhùn pé mo gbọ́. Mi ò jẹ́ kí ó hàn lójú mi pé ó ti pé oṣù mọ́kànlá tí mo ti ń dúró de gbólóhùn yẹn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó wà lórí àga onítáyà rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó ń fi bíírò pupa máàkì iṣẹ́ ìṣirò àwọn ọmọ àdúgbò tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ fún lẹ́sìnnì. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gbá a ló ti ń gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbàgbé iṣẹ́. Kò gbójú sókè. Ó bi mí pé àtẹ̀gùn mélòó ló wà níwájú ilé ìwé tí òun ti ń kọ́ni. Mo ní méje. Ó bi mí pé báwo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó. Mo ní íńṣì mẹ́fà-mẹ́fà.

"Nítorí náà ńkọ́?"

Mo ní gbogbo gíga rẹ̀ jẹ́ íńṣì méjìlélógójì; íńṣì kan ní gíga a sì máa gba ẹsẹ̀ bàtà kan ní gígùn kí ènìyàn tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà gòkè; nítorí náà, ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógójì. Ó fa àmì pé-ó-gbà-á sórí ìwé ọmọ tó wà níwájú rẹ̀. Mo gbà á fún ara mi.

Màmá wa lọ mú lẹ́tà tí ọ́fíìsì wa kọ sí ẹ̀gbọ́n mi wá láti abẹ́ ìrọ̀rí wọn, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, bí ẹni pé mi ò tíì kà á rí. Ó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lóṣù tó kọjá: bí olùkọ́ náà kò bá lè dá wọ kíláàsì rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ sáà tuntun, a ó fẹ̀yìn rẹ̀ tì nítorí àìlera, kí ó lè sinmi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ó sinmi.

Ó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó kúrò ní ọsibítù, olùkọ́ méjì gbé e tàgatàga gun àtẹ̀gùn yẹn, gbogbo ilé ìwé sì pàtẹ́wọ́. Ó kọ́ wọn lọ́jọ́ náà, ó padà sílé, kò sì lọ mọ́. Ó ní láti ọdún mẹ́wàá tí òun ti ń kọ́ wọn ní ìdá àti ìpín, ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ fún òun rí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Òjò. Ilé ìwé mẹ́fà ni mo ti wọ̀n. Bàtà mi ti ya ẹnu, ó ń béèrè oúnjẹ.

Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Mo ti wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tán. Wọn kò bára mu. Mẹ́ta nínú wọn kò ní àtẹ̀gùn rárá. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìlagi tẹ́jú bí àtẹ, òkúta wẹ́wẹ́ kan sì ni ohun tó ga jù lọ nínú ọgbà wọn. Òmíràn ní àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, òmíràn ní mẹ́ta. Ti ẹ̀gbọ́n mi ló burú jù, nítorí etí òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ní ibì kan, ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ há débi pé ẹ̀gbẹ́ ni ọ̀gá ilé ìwé fi ń wọlé. Ó ní ó ti mọ́ òun lára, kí n má yọ ara mi lẹ́nu.

Mo tún rí nǹkan tí kò sí nínú ìwé tí a kà ní poli. Lẹ́yìn kíláàsì gbogbo ilé ìwé, òkìtì àga àti tábìlì tó ti fọ́ wà níbẹ̀, irin ẹsẹ̀ wọn ṣì le. Tí wẹ́dà bá jó wọn pọ̀, wọ́n á di irin ìdìmú. Búlọ́ọ̀kù tó fọ́ náà wà. Tí a bá fi kún inú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ojú rẹ̀ nìkan ni yóò gba kọnkéré. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Owó díẹ̀ tí wọ́n fún wa tó. Ogóje ẹsẹ̀ bàtà fún gbogbo ilé ìwé, kò lé, kò dín, ó sì tó.

Mo ka ìṣirò náà sí ẹ̀gbọ́n mi létí. Ó ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ó pe màmá pé kí wọ́n bá òun yọ sẹ́ẹ̀tì tí òun fi ń lọ síbi iṣẹ́ nínú àpótí, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ọ̀gá pè mí. Ó ti ka ètò mi. Ó ní gígùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dun òun, ohun tó ń dun òun ni pé ilé ìwé kan gba ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógójì, òmíràn gba òdo. Báwo ni òun ṣe fẹ́ ka òdo sétí ìgbìmọ̀? Ọmọ ìgbìmọ̀ kan wà tó jẹ́ pé àdúgbò tirẹ̀ gan-an ló gba òdo.

"Ta sì ni ènìyàn rẹ tó wà ní ilé ìwé tó gba méjìlélógójì yẹn?"

Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Wàyí o."

Mo ṣàlàyé pé àtẹ̀gùn ni mo kà, pé mi ò ka ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ọn. Ó ní kí n lọ kọ ọ́ sí ojú ìwé kan péré: báwo ni a ṣe lè pín in tí kò fi ní sí ojúsàájú. Ó fẹ́ rí i lọ́la.

Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀njọ́

Inú bí mi, mo sì kọ ọ́. Mo dà á kọ síbí, nítorí pé ó wù mí:

"Ọ̀gá wa, lẹ́yìn àròjinlẹ̀, mo rí i pé àṣìṣe mi ni pé mo wo àtẹ̀gùn dípò kí n wo òdodo. Àwọn àtẹ̀gùn ló ń ṣe ojúsàájú. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè kápá wọn ni kí á pín ogóje ẹsẹ̀ bàtà sí ọ̀nà mẹ́rìnlá, kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan gba mẹ́wàá géérégé. Èyí tí kò ní àtẹ̀gùn yóò gba tirẹ̀ pẹ̀lú, kí àwọn ọmọ ibẹ̀ lè máa wò ó. Èyí tó ní méje yóò gba mẹ́wàá, kí àwọn aláìlèrìn ibẹ̀ fi ìgboyà dí èyí tó kù."

Mo rò pé yóò pè mí wọlé, yóò bú mi, ojú yóò tì í, yóò sì fọwọ́ sí ètò àkọ́kọ́. Mo jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ

Ó fọwọ́ sí i.

Ó dìde bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo ọ́fíìsì. Ó ní òun fi ẹ̀rọ ìṣirò pín ogóje sí mẹ́rìnlá lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́wàá náà ni ó ń mú jáde. Ó ní ọgbọ́n mi ju ọjọ́ orí mi lọ. Ibi tí mo kọ ìgboyà sí wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù, ó ní òun á lò ó nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ.

Mo ní, "Sà, àwàdà ni mo ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ìyẹn ni àwàdà náà.

Ẹtì, ọjọ́ kejì

Mo lọ bá Màmá Fáìlì. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì ní ọ́fíìsì yìí, ìwé tó bá sì ti dé ọwọ́ wọn ti gba nọ́ńbà pupa lórí kí inki rẹ̀ tó gbẹ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi yọ ojú ìwé kẹtàdínlógún kúrò nínú fáìlì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Tí mo bá yọ kẹtàdínlógún, kí ni kejìdínlógún yóò máa tẹ̀ lé?"

Mo ṣàlàyé pé ẹ̀fẹ̀ ni ohun tó wà níbẹ̀, pé kò sí òótọ́ kan nínú rẹ̀.

"Poli, ọmọ mi, fáìlì kì í mọ ẹ̀fẹ̀. Ohun tó bá ti gba nọ́ńbà ti di òótọ́ nìyẹn. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, tí mo rẹ́rìn-ín tán ni mo tó fún un ní nọ́ńbà."

Wọ́n ní ìwé nìkan ló lè pa ìwé: kí n kọ òmíràn pé èyí àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i. Wọ́n bu tíì fún mi nínú kẹ́tùlù tí àwo wà lórí rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún

Mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ bí ẹni tó wà ní kóòtù. Mo ya àwòrán sí i, mo fi hàn pé bí àga onítáyà bá gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́wàá tó ga ní íńṣì méjìlélógójì, ẹ̀yìn ni yóò dà sí. Ó padà lọ́sàn-án pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọ̀gá ní igun rẹ̀: "Mo ti rí i. Mo ti sọ ti àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀, wọ́n sì yìn ín. Má ṣe dojú ti ara rẹ." Màmá Fáìlì fún un ní nọ́ńbà. Ojú ìwé kọkàndínlógún.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje

Òjò. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Mo ní ó ń lọ. Irọ́ kọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Wọ́n ti parí ti ilé ìwé ẹ̀gbẹ́ ilé ìlagi, èyí tí kò ní àtẹ̀gùn. Nítorí pé kò sí ibi tí wọ́n lè gbé e tì, àárín pápá ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ó gòkè díẹ̀, ó sì dúró, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Ewúrẹ́ méjì dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀. Mo bẹ ọ̀gá ilé ìwé náà pé kí ó jẹ́ kí á tú irin ìdìmú rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀. Ó fajú ro. Ó ní nǹkan tí ìjọba kọ́kọ́ ṣe fún àwọn láti ọdún mẹ́jọ nìyí, òun ha lè jẹ́ kí wọ́n tú u? Ó ní àwọn ti ń wá ẹni tí yóò wá ṣí i.

Mo dágbére fún un. Ewúrẹ́ náà kò dìde.

Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìṣẹ́gun kékeré kan. Bíríkìlà tó ń ṣe ti ilé ìwé ẹ̀gbọ́n mi gbà láti bá mi fa gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gùn sí i, bí mo bá lè wá ohun èlò ẹsẹ̀ bàtà méjìlélọ́gbọ̀n tó kù. Ó ní bí a bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ojú yóò ti òun láti kọjá níbẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ni mo fi kó búlọ́ọ̀kù tó fọ́ nínú ọmọlanke. Sìmẹ́ńtì ti tún gbówó lórí, mo ta kọ̀ǹpútà mi, mo ra ìwọ̀nba tó tó. Màmá ń gbàdúrà fún mi láràárọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni yóò gbé ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Mò ń ṣe àmín, mò ń wo ilẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

Ọ̀gá wá bẹ iṣẹ́ wò. Ó rí òkìtì búlọ́ọ̀kù àti okùn tí mo ta sílẹ̀ láti fi ibi tí ọ̀nà yóò gbà hàn. Ó fi ẹsẹ̀ wọn okùn náà. Ó tún un wọ̀n.

"Ó ju mẹ́wàá lọ."

Mo ní kì í ṣe owó ìjọba, owó mi ni.

"Ìyẹn gan-an ló burú. Ilé ìwé mẹ́tàlá tó kù, tí wọn ò ní àbúrò ní ọ́fíìsì, kí ni kí n sọ fún wọn?"

Ó ní kí wọ́n kó o kúrò. Wọ́n kó o. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin ni wọ́n kó lọ sí sítọ́ọ̀ ọ́fíìsì, níbi tí wọ́n ti fi àkọsílẹ̀ gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ ará ìlú rere kan.

Ẹtì, ọgbọ̀njọ́

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé ìwé ẹ̀gbọ́n mi parí. Irin ìdìmú rẹ̀ dára, kọnkéré rẹ̀ dán, wọ́n kun etí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Bíríkìlà dúró tì í, ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Ẹnjiníà, mo ti mọ ògiri rí, mo sì ti tẹ́ ilẹ̀ rí. Èyí, mi ò mọ èwo ni mo ṣe."

Ẹtì, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ lọ dán an wò kí ọjọ́ Ajé tó dé. Mo ní kí ó sinmi. Ó ní òun ti ń sinmi láti ọdún kan. Mo ní òjò fẹ́ rọ̀. Ó ní kò sí òjò kankan. Lóòótọ́, oòrùn mú gan-an.

Sẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ló wọ̀. Màmá ti lọ̀ ọ́, ìlà ọwọ́ rẹ̀ dúró bí rúlà. Bíríkìlà wà níbẹ̀, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a yí igun kíláàsì, ẹ̀gbọ́n mi rí i. Ó dá àga dúró. Ó wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè, lẹ́yìn náà ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, bó ṣe máa ń wo ìdáhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kọ láìṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Mo ní kí á máa lọ sílé. Ó ní kí n kúrò lọ́nà.

Ó yí táyà. Ó yí i lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú gbogbo agbára apá rẹ̀. Ó dé ìdajì. Iwájú àga náà gbéra kúrò nílẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ dìde kí àgbà. Èmi àti bíríkìlà sáré mú ẹ̀yìn rẹ̀. A dúró bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ kọ sí ọ̀run, a ò lè tì í gòkè, ẹ̀rù sì ń bà wá láti sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ gbé mi kalẹ̀."

Nílẹ̀, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó bi mí pé ta ló ṣe ìṣirò yìí. Bíríkìlà gbé ṣọ́bìrì rẹ̀, ó lọ.

Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí inú tó bí mi dé orí ojú ìwé kẹtàdínlógún, mo tiẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà sí i létí láti orí, nítorí pé mo ti há a sórí. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Mo tẹ orí sílẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o.

"Ìṣirò rẹ pé," ó ní. "Ogóje pín sí mẹ́rìnlá, mẹ́wàá ni. Kò sí ibi tí mo lè fa pupa sí."

Mo ní kí ó má bínú.

"Má sọ fún màmá pé ìwọ ni. Sọ fún wọn pé ìjọba ni."

Mo tì í dé ilé. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì lọ gbé omi kaná. Mo sọ fún wọn pé ìjọba ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ilé ìwé wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi kò wọlé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Wọ́n fi lẹ́tà ìfẹ̀yìntì náà rán mi, kí wọ́n má baà ná owó ìfìwéránṣẹ́. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ sí i, ó kọ ọjọ́ sí i, ó sì tún àṣìṣe kan ṣe nínú iye ọdún tó fi ṣiṣẹ́. Ó ní kí n dá a padà kí wọ́n tún un kọ. Àwọn ọmọ lẹ́sìnnì kò wá lónìí. Ó ní òun ti sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ wá olùkọ́ mìíràn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Olùkọ́ kan yọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé ìwé ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ yìí, ó fi ìdí jókòó dé ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló pé tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá pè mí kíá. Ó ní kí n kọ ìkéde tí wọn yóò gbé kọ́ síbẹ̀ kí ìgbìmọ̀ tó wá ṣí i lọ́jọ́ Ajé, kí n sì kọ ọ́ bí mo ṣe kọ ìyẹn, pẹ̀lú ọgbọ́n. Mo ní mi ò ní ọgbọ́n kankan mọ́. Ó sọ ohun tí òun fẹ́, mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, mi ò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Òun nìyí, wọ́n ti gbé e lọ fún ẹni tó ń kọ pátákó:

ÌKÉDE PÀTÀKÌ
LÁTI Ọ̀DỌ̀ Ẹ̀KA ÈTÒ ÌWỌLÉ ÌRỌ̀RÙN FÚN GBOGBO ÈNÌYÀN

Inú ẹ̀ka yìí dùn láti fi ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí ta àwọn aláìlèrìn agbègbè yìí lọ́rẹ. Nítorí ààbò, a kò gba ẹnikẹ́ni tó ń lo àga onítáyà tàbí ọ̀pá láàyè láti gun ún. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn jọ̀wọ́ gba orí àtẹ̀gùn.